Ìmòòkùn pẹ̀lú èémí kan ṣoṣo ní Gili Trawangan: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó lọ

Arìnrìnàjò_Manchester

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ní oṣù keje tó ń bọ̀, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi obìnrin méjì yóò lọ sí Indonéṣíà, a ó sì lo ọjọ́ mẹ́fà ní Gili Trawangan, erékùṣù kékeré kan ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Lombok. Ọ̀kan nínú wọn ti fi orúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta nínú irú ìmòòkùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní freediving, èyí tí ènìyàn kì í gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn lọ, tó jẹ́ pé èémí kan tó mí sínú lójú omi ni yóò fi lọ, òun náà ni yóò sì fi bọ̀.

Mo lè lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó kọ́ ọ, inú adágún omi ilé eré ìdárayá ni mo sì ti kọ́ ọ. N kò tíì dé ibi tí ẹsẹ̀ mi kò ti kan ilẹ̀ nínú òkun rí. Etí mi máa ń dùn mí gan-an bí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀. AS ni mí. Mo máa ń di irun, n kò sì mọ bí irun dídì ṣe ń rí lábẹ́ awò ìmòòkùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà ni ọkọ̀ ojú omi yóò gbé wa padà sí Bali, a ó sì wọ bàálù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣé irú èmi yìí lè ṣe é, àbí kí n jókòó sí etíkun kí n máa mu omi àgbọn?

Olùkọ́_Etíkun

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, àbúrò mi. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń mòòkùn, mo sì ṣe igbákejì olùkọ́ fún sáà méjì ní Koh Tao ní Tháílàndì. Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe èémí rárá, etí ni, nítorí náà ìbéèrè yín nípa bàálù ni n ó kọ́kọ́ mú.

Afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa ń tẹ̀ wá ní ìwọ̀n kan. Bí ẹ bá dé mítà 10 nísàlẹ̀ omi, agbára tó ń tẹ̀ yín yóò ti di ìlọ́po méjì, yóò di ìlọ́po mẹ́ta ní mítà 20, àti ìlọ́po mẹ́rin ní mítà 30. Ẹ̀dọ̀fóró tó gba lítà 6 lójú omi yóò ti fún pọ̀ di lítà 3 ní mítà 10, yóò sì ku 2 ní mítà 20. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i pé inú mítà 10 àkọ́kọ́ gan-an ni ìyípadà ti pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí etí fi ń dun akẹ́kọ̀ọ́ ní mítà 2 tàbí 3, nígbà tí ẹni tó bá ti kọjá 15 kì í fi bẹ́ẹ̀ ní láti ṣí etí lemọ́lemọ́ mọ́.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń ṣí etí. Èyí tí gbogbo èrò inú bàálù mọ̀ ni pé ká di imú mú, ká sì fi agbára àyà ti afẹ́fẹ́ sókè. Orúkọ Valsalva, oníṣègùn ará Ítálì tó kú ní 1723, ni wọ́n fi ń pè é. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ènìyàn bá dúró lóòró, ṣùgbọ́n ẹni tó dorí kodò nínú omi, tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì ń fún pọ̀, kò ní pẹ́ tí kò fi ní rí afẹ́fẹ́ kankan tì mọ́. Ọ̀nà kejì ni ti Frenzel, oníṣègùn ará Jámánì tó fi í kọ́ àwọn awakọ̀ òfúrufú. Nínú tirẹ̀, ẹ ó pa ọ̀nà ọ̀fun dé bí ẹni tó fẹ́ gbé odó kúrò nílẹ̀, ẹ ó wá fi ẹ̀yìn ahọ́n ti ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́nu lọ sí imú.

Ẹ dúró síwájú dígí. Ẹ fi ọwọ́ kan di imú, ẹ gbé ìkejì lé ikùn, ẹ wá ṣe bí ẹni tó fẹ́ pe “ka” láìjẹ́ kí ohùn kankan jáde. Bí ihò imú bá wú díẹ̀ lábẹ́ ìka yín, tí gògóńgò yín fò sókè, tí ẹ sì gbọ́ “pọ́” nínú etí méjèèjì, ẹ ti rí i. Bí ikùn bá le lábẹ́ ọwọ́ yín, ti àkọ́kọ́ ni ẹ ṣì ń ṣe. Ẹ máa ṣe é ní ìgbà ogún láràárọ̀ títí di ọjọ́ ìrìn àjò. Bí ẹ bá dé inú òkun, ẹ ṣí etí kí ó tó dùn, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá dùn, bí kò bá sì ṣí, ẹ padà sókè. Ẹni tó bá fi tipátipá lọ lè fa ìlù etí ya, omi tútù tó bá sì wọlé síbẹ̀ yóò fi òòyì kọ́ ọ débi pé kò ní mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí ọ̀fìnkìn bá mú yín, ẹ má wọ omi lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé oògùn tó ń la imú, nítorí ó lè ṣíwọ́ iṣẹ́ nígbà tí ẹ ṣì wà nísàlẹ̀.

ỌmọÌlàjẹ

Mo kí gbogbo yín. Ayétòrò ni wọ́n ti bí mi, n kò sì tíì pé ọdún méje tí mo ti ń mòòkùn lọ tú àwọ̀n tó bá há mọ́ igi nísàlẹ̀ omi. Ẹnikẹ́ni kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, ẹnikẹ́ni kò sì fún wa ní ìwé ẹ̀rí. Ọgbọ́n kan tí a ń dá ni pé kí a tó lọ, a óò mí kíákíá, kíákíá, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìgbà títí ojú yóò fi fẹ́ máa ṣú, èémí yóò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Kí arábìnrin wa dán an wò. Owó ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ì bá ra ẹja yíyan fún yín fún ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Olùkọ́_Etíkun

Ẹ̀gbọ́n wa ỌmọÌlàjẹ, mo dọ̀bálẹ̀. Ohun tí ẹ mọ̀ nípa omi láti kékeré, èmi tí mo dàgbà sí Ìbàdàn kò lè mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká mú ìmọ̀ràn mímí kíákíá yẹn kúrò níwájú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń mú kí àyà ṣe wá bíi pé ká mí kì í ṣe àìtó ọ́síjìn, carbon dioxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí à ń mí síta, tó ń gbára jọ nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Bí ènìyàn bá mí lemọ́lemọ́, díẹ̀ báyìí ni yóò fi kún ọ́síjìn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbá carbon dioxide dànù, bí ìgbà tí ènìyàn bá yọ aago ìkìlọ̀ kúrò lára ògiri tí ó sì ní iná kò lè jó ilé òun. Ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ nísàlẹ̀, yóò máa gbádùn, ọ́síjìn yóò sì máa tán lọ láìjẹ́ pé ara sọ fún un.

Ohun tó tún burú jù ni pé kì í sábà jẹ́ nísàlẹ̀ ni yóò ti dákú. Nígbà tó wà nísàlẹ̀, omi tó ń tẹ̀ ẹ́ ń bá a ti ọ́síjìn tó kù nínú ẹ̀dọ̀fóró wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti ń gòkè, títẹ̀ yẹn ń dín kù, ọ́síjìn kò sì rí ẹni tì í wọlé mọ́. Nínú mítà mẹ́wàá tó kẹ́yìn, tàbí lójú omi gan-an lẹ́yìn tó ti mí ẹ̀ẹ̀kan, ni ọ̀pọ̀ ń dákú. Ìdí nìyẹn tí òfin àkọ́kọ́ fi jẹ́ pé ẹni kan wà nísàlẹ̀, ẹni kan wà lókè. Ẹni tó wà lókè kò sì gbọdọ̀ gbé ojú kúrò lára ẹni tó jáde fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹni tó jáde náà kò gbọdọ̀ tú gbogbo èémí dànù lẹ́ẹ̀kan náà, bí gbogbo wa ṣe máa ń fẹ́ ṣe. Díẹ̀ ni kí ó tú, kí ó fà sínú kíákíá, kí ó dì í mú díẹ̀, kí ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó sọ̀rọ̀. Bí ó bá dákú, kí ẹnìkejì rẹ̀ gbé ojú rẹ̀ sókè kúrò nínú omi, kí ó yọ awò rẹ̀, kí ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lójú, kí ó gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, kí ó pe orúkọ rẹ̀. Nígbà púpọ̀, ìyẹn tó láti jí i.

Ìrírí kì í gba ènìyàn lọ́wọ́ èyí. Natalia Molchanova, obìnrin ará Rọ́ṣíà tó dá èémí dúró fún ohun tó ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ ní 2013, wọ omi ní ẹ̀bá erékùṣù Formentera ní oṣù kẹjọ 2015, kò sì jáde mọ́.

ỌmọÌlàjẹ

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tó mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Ó dá nìkan lọ tú àwọ̀n ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a sì rí i ní ọ̀sán, ibi tí a ti rí i kò jìn ju kí ènìyàn na ọwọ́ kó kan ojú omi. Ohun tó yà wá lẹ́nu nìyẹn. A ní omi níbẹ̀ kò jìn, a sì ní ẹnì kan ló ṣe é. Bàbá wa kàn ń sọ pé akínkanjú ní í kú sógun, òmùwẹ̀ ní í kú sódò. Bí ó ṣe ń mí kó tó lọ ni mo kọ síbẹ̀ yẹn, òun ló kọ́ mi. Arábìnrin wa, ẹ má ṣe tẹ̀ lé ìmọ̀ràn mi.

Nọ́ọ̀sì_Houston

Ẹ kú àsọyé. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ba ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, nítorí ó kàn ilé púpọ̀ láàárín wa. Bí ọ́síjìn bá dín kù nínú ara ẹni tó jẹ́ SS, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ yóò tẹ̀ bíi dòjé, wọn yóò sì máa dí òpó ẹ̀jẹ̀. Eré tó jẹ́ pé dídín ọ́síjìn kù gan-an ni kókó rẹ̀ kì í ṣe eré tirẹ̀ rárá. AS yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó jẹ́ AS ń gbé ìgbé ayé wọn láìní wàhálà, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé àpapọ̀ iṣẹ́ àṣekúdórógbó, ooru, àìmu omi tó àti àìtó ọ́síjìn lè dá ìṣòro sílẹ̀ fún díẹ̀ nínú wọn. N kò ní sọ fún yín pé kí ẹ lọ tàbí kí ẹ má lọ. Ẹ gba àkókò lọ́dọ̀ dókítà yín ní Manchester kí oṣù kan tó pé sí ìrìn àjò, ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ pé AS ni yín, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó má béèrè. Wọn yóò fún yín ní ìwé ìbéèrè nípa ìlera ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ kọ òtítọ́ sí i, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn yóò mú kí wọ́n béèrè ìwé dókítà. Ikọ́ fée, wárápá, oyún, àìsàn ọkàn àti iṣẹ́ abẹ etí náà wà lára ohun tí a kì í fi pamọ́.

Bí dókítà bá fọwọ́ sí i, ẹ máa mu omi dáadáa láti òwúrọ̀, ẹ má fẹnu kan ọtí ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ sì jẹ oúnjẹ tó fúyẹ́ ní nǹkan bíi wákàtí méjì kí ẹ tó wọ omi.

Onídìrí_Peckham

Èmi kì í mòòkùn, ṣùgbọ́n mo ti di irun fún àwọn tó ń mòòkùn. Ẹ má di irun gbà sókè orí, nítorí okùn awò kò ní jókòó. Dídì tó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn ló dára, kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ kí fìlà rọ́bà lè bò ó. Irun kéékèèké iwájú orí ni kí ẹ ṣọ́, nítorí ẹyọ kan lábẹ́ etí awò tó láti jẹ́ kí omi wọlé. Ẹ má fi òrí tàbí ìpara pa iwájú orí ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Yóò mú awò yọ̀, yóò sì mú un ṣú. Itọ́ ni wọ́n ń tu sínú awò kó má baà ṣú, wọ́n sọ fún mi pé kò sí ohun tó dára jù ú lọ.

Arìnká_2019

Mo lo ọ̀sẹ̀ kan ní Trawangan ní 2019, ọdún kan lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù kẹjọ 2018 tó ba Lombok jẹ́ púpọ̀. Kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ń pè ní cidomo ni ẹ ó máa rí, ẹ sì lè rìn yí gbogbo erékùṣù náà ká láàárín òwúrọ̀ kan. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ọjọ́ kìíní sùn, kí ẹ fi ọjọ́ kejì, ìkẹta àti ìkẹrin kẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ sì fi ọjọ́ karùn-ún gbafẹ́ lójú omi. Ọ̀rọ̀ bàálù alẹ́ ọjọ́ kẹfà ti yanjú nìyẹn, nítorí ó kéré tán, òru kan ti wà láàárín òkun àti òfúrufú, etí tó bá sì wú yóò ti sinmi.

Ẹ má jẹ́ kí ojú tàn yín láti lúwẹ̀ẹ́ lọ sí Gili Meno, erékùṣù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Trawangan, bó tilẹ̀ dàbí pé ènìyàn lè ju òkúta débẹ̀. Ìṣàn omi àárín àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn le, ọkọ̀ ojú omi sì ń kọjá lọ́tùn-ún lósì láìwo iwájú. Ẹ má jìnnà sí bọ́ọ̀yì olùkọ́ yín, ìyẹn ohun tó ń léfòó lójú omi tí wọ́n ń so okùn ìmòòkùn mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ojú yóò rí, ẹ gba ọkọ̀ lọ wo àwọn ère ènìyàn 48 tí wọ́n tò ní òbìrípo sí ìsàlẹ̀ òkun ní ẹ̀bá Meno ní 2017. Ibẹ̀ kò jìn, bíi mítà mẹ́rin ni. Ẹ tètè lọ láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀.

Arìnrìnàjò_Manchester

Ẹ ṣeun púpọ̀. Dókítà ti rí mi, ó sì fọwọ́ sí ìwé náà pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí n má ṣe kọjá ohun tí olùkọ́ bá sọ. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé mo lè máa dá èémí dúró nínú adágún omi àdúgbò mi kí n tó lọ?

Olùkọ́_Etíkun

Lórí ibùsùn, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú omi, bí ẹ bá dá wà, rárá, kódà nínú agbada ìwẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ adágún omi kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń ṣeré àti ẹni tó ti dákú.

Arìnrìnàjò_Manchester

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, a ti dé. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nínú adágún, wọ́n ní ká dojú bolẹ̀ ká dá èémí dúró. Ti àkọ́kọ́ kò kọjá ìṣẹ́jú àáyá 55. Ní ìgbà kẹta, ikùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ẹni tó ń ṣe òsúkè, olùkọ́ sì ti sọ fún wa pé carbon dioxide ló ń kàn lẹ́kùn, pé ikú kọ́, mo bá jẹ́ kó máa kàn. Ìṣẹ́jú méjì àti àáyá méje ni mo jáde. PADI, àjọ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ìmòòkùn, ń béèrè àáyá 90 nípò yìí, nítorí náà mo rò pé mo ti gba ìwé ẹ̀rí tán.

Òkun ló dá mi lóhùn. Wọ́n so okùn mọ́ bọ́ọ̀yì, wọ́n sì fi bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sí i ní mítà 10. Etí ọ̀tún mi ń ṣí, ti òsì kò dáhùn rárá ní mítà 4. Olùkọ́ wá ní kí n yí padà, kí ẹsẹ̀ mi ṣáájú, kí n máa fi ọwọ́ fa ara mi lọ sílẹ̀ lórí okùn náà, kí n sì dúró bí ó bá ti dí. Báyìí ni mo ṣe dé mítà 9. Mo rí bọ́ọ̀lù yẹn kedere nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi, àwọ̀ ìyeyè, ewé òkun díẹ̀ ti hù sí i lára bí irùngbọ̀n. Ó ku díẹ̀ kí n fi ìka ẹsẹ̀ kàn án. Etí òsì ní òun kò lọ mọ́. Mo padà sókè, n kò sì gba ìwé ẹ̀rí náà.

Ọ̀rẹ́ mi tó fi orúkọ wa sílẹ̀ dé mítà 16 ní ọjọ́ kẹta. Èmi ni mo ń ṣọ́ ọ lójú omi, olùkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó jáde, ó rẹ́rìn-ín, ó tú gbogbo èémí rẹ̀ dànù fùúù, ó sì gbé àtàǹpàkò sókè. N kò gbé ojú kúrò. Nígbà tí mo kà dé nǹkan bí àáyá mẹ́jọ, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì tìtì, ètè rẹ̀ ti ṣú. Mo di àgbọ̀n rẹ̀ mú, mo ń pariwo “Mí! Mí!”, olùkọ́ sì ti gbá a mú láti ẹ̀yìn. Ó mí, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ló dé tí mo ń pariwo mọ́ òun lórí. Kò rántí pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, títí di òní kò rántí. Olùkọ́ dá a dúró lọ́jọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi bínú díẹ̀, ó sì sùn fún wákàtí mẹ́rin nígbà tí a dé yàrá.

Ní ọjọ́ karùn-ún a lọ wo àwọn ère Meno. Mítà mẹ́rin yẹn kò ṣòro fún etí mi. Alábahun òkun kan ń jẹ koríko nítòsí, kò tiẹ̀ gbé orí sókè wò wá.

Mo ti padà sí iwájú dígí láràárọ̀ nítorí etí òsì yìí, ó sì ti ń ṣí lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta. Bí obìnrin kan bá wà ní agbègbè Manchester tó ti kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ ẹni tó ń mòòkùn, tí ó sì lè bá mi lọ sí adágún omi ní àárọ̀ Sátidé, kí ó jọ̀wọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Títí yóò fi dé, orí ibùsùn ni mo wà.